Ta Ló Ni Ìdérí Bàtà?

Bí ènìyàn bá ṣe bàtà tí nǹkan kan wà nínú sóòlù rẹ̀, tó sì ṣe ìdérí tó ṣeé yọ, tó ṣeé pààrọ̀, lé nǹkan náà lórí, ìdérí yẹn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ gba ìwé pátẹ́ńtì lé lórí, ìyẹn ìwé ìjọba tó fún ẹni tó ṣe ìhùmọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti ṣe é tàbí láti tà á. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn fún oṣù mélòó kan báyìí. Mo kàwé lé e lórí, mo bá àwọn tó mọ òfin sọ̀rọ̀, ibì kan náà ni mo ń já sí. Bàtà lè dára títí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni oníbàárà máa rà á. Ìdérí ni yóò máa padà wá rà.

Ọ̀gá tí mo kọ́ṣẹ́ bàtà lọ́dọ̀ wọn ní Muṣin ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n ṣe bàtà obìnrin kan, oní-wẹ́ẹ̀jì, èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ga tó sì nípọn láti ẹ̀yìn wá dé àárín ẹsẹ̀. Wọ́n gbẹ́ inú gìgísẹ̀ náà, wọ́n fi gílóòbù kéékèèké àti bátìrì pẹlẹbẹ irú ti aago ọwọ́ sí i. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò ju pé àwọn obìnrin tó ń ti òde àríyá bọ̀ lálẹ́ máa ń rìn nínú òkùnkùn, ọ̀nà àdúgbò wa kò sì tẹ́jú. Wọ́n wá fi ìdérí tó ní ihò wẹ́wẹ́ lára bo ibẹ̀ yíká ẹ̀yìn gìgísẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ibẹ̀ jáde. Ìdérí yìí ni wọ́n fẹ́ máa fi aṣọ wé: àdìrẹ lónìí, aṣọ òkè lọ́la, àǹkárá lọ́tùn-únla. Ẹni tó bá ra aṣọ ẹbí fún ìsìnkú ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kàn máa fi ègé tó ṣẹ́kù ránṣẹ́ ni, ìdérí tuntun yóò sì ti wà nílẹ̀ kó tó di Sátidé.

Mo yí bàtà náà sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Mo fi èékánná wá ibi tí ìdérí ti pàdé sóòlù, n kò rí ibi tí èékánná lè wọ̀. Kò sí gọ́ọ̀mù níbẹ̀, kò sí ìṣó. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, wọ́n ká ìtẹ́lẹ̀ inú bàtà sókè láti ẹ̀yìn, ni mo bá rí i: ahọ́n kékeré kan wà lókè ìdérí náà, ó tẹ̀ wọ inú bàtà, ó sì sùn sábẹ́ ìtẹ́lẹ̀. Etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ inú ilà tí wọ́n fi ọ̀bẹ fà sára sóòlù. Ẹni tó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ìwúwo ara rẹ̀ ni yóò máa tẹ ahọ́n yẹn mọ́lẹ̀. Bó ṣe ń tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ni ìdérí ń dì tó. Bó bá bọ́ bàtà, tó ká ìtẹ́lẹ̀, ìka kan ló máa fi tì í jáde. Ibi tí wọ́n fi í sí pàápàá ní ọgbọ́n nínú. Iwájú bàtà ló máa ń ká bí a bá ń rìn, gìgísẹ̀ kì í ká. Ìdérí tó bá wà níbi tó ń ká, kò ní pẹ́ já bọ́.

“Ìwọ tó ń kàwé,” ni ọ̀gá wí, “bá mi wò ó. Kí ni kí n gba ìwé lé lórí níbí? Bàtà ni, àbí iná, àbí ìdérí?”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Iná ló kọ́kọ́ kúrò níbẹ̀. Bàtà tó ń tan iná kì í ṣe tuntun. Ilé iṣẹ́ LA Gear ní California ti kó bàtà ọmọdé tó ń tàn jáde láti 1992, ó sì tà wàràwàrà. Mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, ló wà nínú ohun tó ń tan iná náà nínú àwọn èyí àkọ́kọ́ bí ọmọ bá tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Májèlé yẹn di wàhálà ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní 1994, ilé iṣẹ́ náà sì fi irú mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yẹn ni ti bátìrì. Inú sóòlù ni wọ́n dì í pa sí, kò sí ẹnu ọ̀nà tí èèyàn lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá kú, iná kú nìyẹn, bàtà sì lè wà níbẹ̀ tó ṣì lágbára. Gbogbo òbí tó ti ra irú bàtà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rí ló mọ ẹkún tó máa ń tẹ̀lé e.

Ní 2006, Nike àti Apple jọ gbé ohun kan jáde tó sún mọ́ ti ọ̀gá mi díẹ̀. Wọ́n dá ihò sábẹ́ ìtẹ́lẹ̀ bàtà ẹsẹ̀ òsì, ẹ̀rọ kékeré tó ń ka bí ènìyàn ṣe ń sáré ló ń wọ inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ra ẹ̀rọ náà, fóòmù pẹlẹbẹ kan ló wà nínú ihò yẹn kó má baà máa gún un lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kò ṣeé ṣí, bí bátìrì rẹ̀ bá tán, òmíràn ni wọ́n ń rà, ṣùgbọ́n bàtà kò fara gbọgbẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i kedere pé nǹkan mẹ́ta ló wà nínú irú bàtà báyìí: bàtà, ohun tó wà nínú rẹ̀, àti ohun tó bo ẹnu ihò. Ọjọ́ orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba. Èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ kúrú jù ni oníbàárà máa rà jù.

Ẹ wo Jibbitz, àwọn ẹ̀ṣọ́ kéékèèké tí wọ́n ń kì bọ ihò bàtà. Gbogbo wa la mọ bàtà Crocs, a mọ àwọn ihò ojú rẹ̀. Ní 2005, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan ní ìlú Boulder, ní Colorado, tó ń jẹ́ Sheri Schmelzer, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn nǹkan ẹ̀ṣọ́ kéékèèké sínú àwọn ihò Crocs àwọn ọmọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Rich, rí i pé ọjà ni, wọ́n sì tètè wá ìwé pátẹ́ńtì lé e lórí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ní 2006, Crocs fúnra rẹ̀ wá ra ilé iṣẹ́ wọn ní mílíọ̀nù dọ́là 10, pẹ̀lú àdéhùn pé owó náà lè fi tó mílíọ̀nù 10 mìíràn lé bí ọjà bá lọ dáadáa. Mo ka èyí, mo dìde dúró. Crocs ló ni ihò. Ẹlòmíràn ló ni ohun tó ń dí ihò. Ẹni tó ni bàtà ló wá sanwó fún ẹni tó ni ìdérí.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ Roger Adams náà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé pátẹ́ńtì bàtà. Àwọn òbí rẹ̀ ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fi bàtà onítáyà sáré ní Tacoma, ní ìpínlẹ̀ Washington. Iṣẹ́ ìlera ọpọlọ lòun ṣe, iṣẹ́ náà sì tán an lókun. Ní 1998 ó wà ní Huntington Beach létí òkun California, ó ń wo àwọn ọmọ tó ń fi táyà sáré, ọgbọ́n kan sì wá sí i. Ó gbẹ́ gìgísẹ̀ bàtà eré ìje, ó ki táyà kan bọ̀ ọ́. Bàtà yẹn ni Heelys. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ń fi iwájú ẹsẹ̀ rìn bíi gbogbo ènìyàn. Bó bá fẹ́ yí, yóò fi ara ti ẹ̀yìn, táyà gìgísẹ̀ yóò gbé e lọ. Ó lè yọ táyà náà, kó fi ìdérí dí ihò, bàtà náà á di bàtà lásán.

Bàtà onítáyà ti wà tipẹ́ kí Adams tó dé, pátẹ́ńtì sì wà lórí oríṣiríṣi táyà tó ń wọlé tó ń jáde lára bàtà. Nítorí náà kò sọ pé òun ló ni bàtà tó ní táyà. Nínú ìwé tí wọ́n fún un ní 2002, nọ́ńbà 6,406,038, ohun tó dì mú ni ìṣètò náà: ihò ní gìgísẹ̀, táyà tó yọ díẹ̀ nísàlẹ̀, àti bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe lè ti ìrìn bọ́ sí yíyí láìbọ́ bàtà. Inú gbólóhùn tóóró yẹn ni owó rẹ̀ wà. Ní Amẹ́ríkà, apá ìwé yẹn ni wọ́n ń pè ní claim. Ohun gbogbo yòókù, àwòrán, àlàyé, ìtàn, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n ń ṣe fún un. Bí claim kò bá mú un, ìwọ kò ní in.

Bí mo ṣe dé ibí yìí ni mo bá ẹjọ́ kan pàdé tó jẹ́ kí n mọ èsì ìbéèrè ọ̀gá. Ọdún 1961 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá a, láàárín Aro Manufacturing àti Convertible Top Replacement Company. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká ni. Pátẹ́ńtì wà lórí àpapọ̀ rẹ̀: aṣọ òrùlé, irin tó gbé e ró, àti ohun tó ń dì í mọ́ ara ọkọ̀ kí òjò má baà wọlé. Aṣọ náà nìkan kò ní pátẹ́ńtì tirẹ̀. Aṣọ yìí sì máa ń gbó ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta, tí àwọn irin ṣì le. Aro bá ń rán aṣọ nìkan, ó ń tà á fún àwọn tó ti ni ọkọ̀. Àwọn tó ni pátẹ́ńtì pe ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó pààrọ̀ aṣọ tó gbó ń tún ohun ìní rẹ̀ ṣe ni, kò ṣe òmíràn tuntun, ẹni tó sì ta aṣọ fún un kò jẹ̀bi.

Ẹ fi bàtà ọ̀gá mi sí ipò ọkọ̀ yẹn. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ni wọ́n ni “bàtà tó ní iná, tó ní ihò, tó ní ìdérí”, oníbàtà mìíràn kò ní lè ṣe odidi bàtà náà. Ṣùgbọ́n kí ló máa dí ẹni tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ń gé ìdérí nìkan, tó ń fi aṣọ wé e, tó ń tà á fún àwọn oníbàárà tó ti ra bàtà lọ́wọ́ ọ̀gá? Ẹjọ́ Amẹ́ríkà kì í ṣe òfin tiwa. Síbẹ̀, òfin tiwa pàápàá, Patents and Designs Act ti 1970, ohun tí ìwé bá sọ pé ó jẹ́ tìrẹ náà ló gbà ọ́ láyè láti dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti ṣe, láti kó wọlé, láti tà. Bí ìdérí kò bá dá dúró nínú ìwé, orí omi ló wà.

Ohun tí mo kọ fún ọ̀gá nìyí, tí mo sì ní kí lọ́yà bá wa tún ṣe. Claim àkọ́kọ́ kò sọ̀rọ̀ bàtà bí ohun tí à ń tà rárá: ìdérí kan fún sóòlù bàtà, tó ní ahọ́n lókè, tí ahọ́n náà ń sùn sábẹ́ ìtẹ́lẹ̀, tí ìwúwo ẹni tó wọ bàtà sì ń dì í mú. Ìkejì ni bàtà tó ní irú ìdérí bẹ́ẹ̀. Ìkẹta ni bàtà náà pẹ̀lú ìdérí tó ju ẹyọ kan lọ. A kò dárúkọ àǹkárá, a kò dárúkọ awọ, nítorí ẹni tó fẹ́ jí i yóò kàn fi rọ́bà ṣe é ni. A kò dárúkọ iná náà. “Ohun tí a gbé sínú sóòlù” la kọ. Bó bá dọ̀la, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọmọ wà, ó lè jẹ́ irin tí dókítà ní kí wọ́n fi gbé ẹsẹ̀ tó kúrú sókè.

Ibi kan wà tí a kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ dé. A kò lè sọ pé gbogbo ìdérí tó ṣeé yọ ni tiwa. Ìdérí bátìrì ti wà lára tọ́ọ̀ṣì àti rédíò kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí ìwé bá fẹ̀ jù, ọjọ́ tí a bá gbé e dé kóòtù ni wọn yóò fà á ya. Èyí sì ṣe pàtàkì ní Nàìjíríà ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí ọ́fíìsì pátẹ́ńtì ní Àbújá kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí o gbé wá jẹ́ tuntun lóòótọ́. Bí ìwé ṣe pé tàbí kò pé ni wọ́n ń wò. Abala 4 òfin náà sọ ọ́ láìfi bò: ewu ẹni tó gba pátẹ́ńtì ni, ìjọba kò ṣe onígbọ̀wọ́ pé ó fìdí múlẹ̀. Mo ti rí àwọn tó fi férémù gbé ìwé yẹn kọ́ ògiri. Ó dára. Ṣùgbọ́n òótọ́ tó wà nínú claim nìkan ló lè gbà wọ́n lọ́jọ́ ìjà.

Ọ̀rọ̀ WhatsApp ló ká mi lára jù. Bí ọ̀gá ṣe parí bàtà náà, ọwọ́ ti ń yún wọn láti ya fọ́tò rẹ̀ sí status. Mo bẹ̀ wọ́n. Abala 1 ní kí ohun tí a fẹ́ gba ìwé lé lórí má tíì hàn sí gbogbo ènìyàn níbikíbi lágbàáyé, nígbàkígbà, yálà nípa kíkọ, nípa sísọ, tàbí nípa lílò, kó tó di ọjọ́ tí a fi ìwé sílẹ̀. Àyè kékeré kan ló wà, ti ẹni tó pàtẹ rẹ̀ níbi ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba fọwọ́ sí, láàárín oṣù 6 ṣáájú ọjọ́ náà. Amẹ́ríkà máa ń fún ẹni tó ṣe ìhùmọ̀ ní odidi ọdún kan lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ bá ti fi í hàn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Fọ́tò kan tó fi ahọ́n ìdérí yẹn hàn lè pa gbogbo rẹ̀. Inú ń bí mi tí mo bá rántí iye ọlọ́gbọ́n tó wà ní Muṣin tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ju iṣẹ́ wọn síta báyìí, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn rí.

Ojú ìdérí, bó ṣe rí lójú, ọ̀tọ̀ ni ìwé tirẹ̀. Ìyẹn ni ìforúkọsílẹ̀ design: ọdún 5, tó ṣeé sọ di ọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì. LA Gear náà mọ èyí. Ní 1993 kóòtù Amẹ́ríkà dá a láre lórí ìrísí bàtà obìnrin rẹ̀ kan tí ilé iṣẹ́ bàtà Thom McAn ṣe àfarawé rẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ kankan nínú ẹjọ́ yẹn, bí bàtà ṣe rí ni. Nítorí náà a fẹ́ forúkọ ìlà àti ihò wẹ́wẹ́ ara ìdérí sílẹ̀. Mo ní kí ọ̀gá má fi orúkọ ara wọn sórí àwòrán àdìrẹ tí àwọn ìyá Abẹ́òkúta àti Ọ̀ṣogbo ti ń ṣe láti ìran dé ìran. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata.

Wọ́n wá bi mí léèrè bóyá ìyàwó ilé tó bá rán ìdérí tirẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò di ọ̀daràn. Rárá o. Abala 6 ní iṣẹ́ ajé nìkan ni ẹ̀tọ́ náà ń ká mọ́. Ẹni tó bá jókòó sílé tó fi ègé aṣọ òkè ìyá rẹ̀ wé ìdérí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, inú mi sì dùn pé òfin rí bẹ́ẹ̀. Bàtà tó ń pààrọ̀ ojú tí kò gba ẹni tó ni ín láyè láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kò wúlò fún mi.

Ọ̀rọ̀ kan tún jáde. Ahọ́n yẹn, ọmọ iṣẹ́ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló dá a lábàá. Ọ̀gá ti fẹ́ lo bọ́tìnnì onírin tẹ́lẹ̀. Abala 2 sọ pé ẹni tó ṣe ìhùmọ̀ gan-an ní ẹ̀tọ́ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú pátẹ́ńtì, àdéhùn kankan kò sì lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ ni ìwé. Mo kà á fún ọ̀gá. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní kí n pe ọmọ náà wá kó kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé ìbí rẹ̀.

Ó ku ti ibodè. Ìwé Àbújá kò kọjá Sẹ̀mẹ̀. Bàtà wa sì ń lọ sí Kútọnu àti Lomé lójoojúmọ́. Benin àti Togo wà nínú OAPI, àjọ tó ń bá àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan fúnni ní pátẹ́ńtì, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Yaoundé ní Cameroon, ìwé kan ṣoṣo níbẹ̀ sì ń ká orílẹ̀-èdè 17. Láti ọjọ́ tí a bá fi ìwé sílẹ̀ ní Àbújá, oṣù 12 la ní láti lọ sí ibòmíràn lórí pátẹ́ńtì, kí wọ́n sì ṣì ka ọjọ́ ti Àbújá sí ọjọ́ tí a fi ìwé sílẹ̀. Ti design, oṣù 6 ni. Owó rẹ̀ kò kéré, ọ̀gá kò sì tíì rí i jọ. Wọ́n ní kí a fi ti Àbújá sílẹ̀ ná, kí a sì fi owó ìdérí tí a bá tà ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ lọ sí Yaoundé. Lọ́yà ń dúró de àwòrán. Mo ti ya ti ìdérí láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tó kù ni èyí tó máa fi ahọ́n hàn lábẹ́ ìtẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínú bàtà.